Orúkọ Tí A Pe Àìsàn: Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Gìrì àti Ewu Ọmọ

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ kà á dé òpin.

Àdúrà tí ó wà nínú èdè wa fún aboyún kò kéré. Bí a bá pàdé obìnrin tí oyún rẹ̀ ti yọ, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí, a ó ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." A ó ní kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Bí ó bá sì bímọ tán, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a ń kí i. Ìkíni yìí fi hàn pé àwọn baba wa kò tan ara wọn jẹ. Wọ́n mọ̀ pé ewu ń bẹ nínú ìbímọ. Wọ́n sì fún púpọ̀ nínú ewu náà ní orúkọ. Wọ́n mọ oyún tí ó bàjẹ́, wọ́n mọ ọmọ tí ó dábùú, wọ́n mọ ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ya lára ìyá ìkókó, wọ́n mọ ibi tí ó kọ̀ tí kò jáde. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó ń pa ìyá àti ọmọ, tí èdè wa kì í sọ lórúkọ àfi ìgbà tí ó bá dé góńgó. Ewu náà ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ru nínú oyún.

Gbàgádà ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Oṣòdì lọ sí Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ilé ìwòsàn ìjọba wa, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jẹ́nẹ́rà, wà níbẹ̀. Àwọn tí ń gbé inú ẹ́sítéètì ń bẹ ní Gbàgádà, àwọn tí ń jí lọ sí ọjà Kétu àti Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́ sì ń bẹ ní ìtòsí wa. Bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba. Obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì yóò ní, "BP mi ti lọ sókè." Ìyá tí ó ń ta tòmátò yóò ní, "Wọ́n ní BP wà lára mi." Ṣùgbọ́n bí aboyún bá ṣubú lójijì tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sí ẹni tí ó tún ń rántí BP mọ́. Àwọn kan yóò ní gìrì ni. Àwọn kan yóò ní wárápá ni. Àwọn mìíràn yóò ní wọ́n rán an sí i ni. Orúkọ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tí ó pè é ní gìrì yóò wá àgbo, ẹni tí ó pè é ní wárápá yóò wá ibi ìkọ̀kọ̀, ẹni tí ó pè é ní àránsí yóò wá ilé àdúrà tàbí ilé babaláwo. Ilé ìwòsàn yóò di ọ̀nà kẹrin.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé àìsàn yìí náà.

Ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ ni pé bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ aboyún bá dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí ó bá ti wà lára rẹ̀ kí ó tó lóyún, tàbí kí oyún náà tó pé ọ̀sẹ̀ 20, a jẹ́ pé ó ti ń bá a bọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, oyún ni ó gbé e dé. Bí èyí tí ó yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 bá ń mú kí èròjà protein máa jáde nínú ìtọ̀, tàbí kí ó máa ba kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ jẹ́, pre-eclampsia ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá dé orí gìrì, ó di eclampsia. Ọ̀kan tún wà nínú ẹbí yìí tí wọ́n ń pè ní HELLP, tí ó máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì bí ó ti yẹ. Láti ara wọn ni ẹ̀jẹ̀ ti lè ya sínú ọpọlọ, tí omi ti lè kún ẹ̀dọ̀fóró, tí ibi ti lè já kúrò lára ilé ọmọ kí ọmọ tó jáde, tí ọmọ fi lè kéré tàbí kí ó kú sínú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Èdè Gíríìkì ni a ti yọ eclampsia; ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ìmọ́lẹ̀ kọ yànràn lójijì, bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ. Yorùbá náà, bí nǹkan bá dẹ́rù ba ènìyàn lójijì, a ó ní ó ta gìrì. Gíríìkì àti Yorùbá kò jọ jókòó pọ̀ láti dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, síbẹ̀ ohun kan náà ni ojú àwọn méjèèjì rí: òjijì. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ méjèèjì ti ṣì wá lọ́nà. Nítorí àìsàn náà kì í sábà ṣe òjijì. Ó lè ti wà nínú ara fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí obìnrin náà máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa tajà. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ó dé lójijì.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tiwa yẹn, ríru. Odò a máa ru, ọṣẹ a máa ru, inú ènìyàn a máa ru. Ohun tí ó bá ń ru, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìdajì ọ̀nà, a sì lè wọ̀n ọ́n kí ó tó kọjá etí ìkòkò. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru dára ju gìrì lọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Gìrì ń sọ òpin, ríru ń sọ ìrìn àjò. Ẹni tí ó mọ ìrìn àjò lè dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Reproductive Health. Wọ́n ti lọ bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, láàárín àwa Yorùbá gan-an, nípa ohun tí wọ́n mọ̀ sí pre-eclampsia àti eclampsia. Wọ́n rí i pé kò sí orúkọ fún pre-eclampsia lẹ́nu wọn. Wọ́n mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní ìrònú ni ó ń fà á: ìjà tọkọtaya àti àìlówó lọ́wọ́. Wọ́n mọ gìrì aboyún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ní òtútù tí ó pẹ́ lára ni ó ń fa ìyẹn. Wọn kò ní ìwòsàn ìbílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Fún gìrì, wọ́n ní àgbo, wọ́n ní gbẹ́rẹ́, wọ́n ní ọṣẹ dúdú. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ọ̀tọ̀ ni ìdí tí wọ́n fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀tọ̀ ni ìdí tí wọ́n fún gìrì. Okùn tí ó so méjèèjì pọ̀ ni kò sí. Bí òtútù bá sì ni ó ń fa gìrì, kí ni a ó ṣe ju pé kí a dáná, kí a da aṣọ bo aláìsàn, kí a máa retí kí ara rẹ̀ yá? Àkókò tí a fi ń retí yẹn ni ẹ̀mí ń gbà lọ.

Wíwú ẹsẹ̀ tún ńkọ́? Ní àdúgbò wa, bí ẹsẹ̀ aboyún bá wú, ẹ̀rín ni a fi ń pàdé rẹ̀. Wọn yóò ní, "Ọkùnrin ni o," tàbí kí wọ́n ní, "Ìbejì ń bọ̀." Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún máa ń wú láìsí ewu kankan. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, tí òrùka kò lè bọ́ mọ́, ó yẹ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn pàápàá, àwàdà tí ó gbé òótọ́ sínú ni. Àwa Yorùbá ni a ń bí ìbejì jù lọ láyé. Ìlú Ìgbó-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbajúmọ̀ fún un káàkiri ayé. Ìwádìí tí a ṣe ní agbègbè yẹn ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970 fi hàn pé ó lé ní 40 ìbejì nínú 1,000 ìbímọ, nígbà tí ti gbogbo ayé jẹ́ nǹkan bí 12 lónìí. Oyún ìbejì sì wà lára ohun tí ó ń mú kí pre-eclampsia tètè wá. Àwọn yòókù ni oyún àkọ́kọ́, ọjọ́ orí tí ó ti lé ní 35, ara sísanra jù, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àti bí ìyá tàbí arábìnrin ẹni bá ti ní i rí. Ayọ̀ tí a fi ń kí ìyá ìbejì dára. Kí a fi ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kún un.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí fi ká mi lára nìyí. Ní ọdún 2009, àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀. Ó lọ fún ìtọ́jú aboyún bí wọ́n ṣe ní kí ó máa lọ, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì kọjá ààlà nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Ó bí ọmọbìnrin, wẹ́rẹ́. Gbogbo wa kí i kú ewu ọmọ, ó sì padà sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní orí ń fọ́ òun. Ìyá wa ní ọmú tí ó ń kún ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, ó ní òun ń rí ohun kan tí ń tàn wìrìwìrì lójú òun. Kò pẹ́ tí ó fi wó lulẹ̀, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, tí ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹnìkan sáré mú ṣíbí wá láti fi la ẹnu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò gbà. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé e sínú mọ́tò nígbà tí gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ ṣe bẹbẹ. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ náà padà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi yè.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí ti bọ́, ilé ọkọ ni ó kù. Àwọn tí ó wà nílé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ti rí ìfófòó ẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn àna wa ránṣẹ́ pè wá. Bàbá àgbà kan nínú wọn fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀rẹ̀: "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ìbéèrè ni a fẹ́ bi yín. Ṣé wárápá ń bẹ nínú ìdílé yín tí ẹ kò sọ fún wa?" Ìyá wa bú sẹ́kún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa mọ ohun tí ìbéèrè yẹn gbé lọ́wọ́. Ṣáájú ìgbéyàwó ni a ń wádìí wárápá. Ẹni tí wọ́n bá sì bá a lára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n lè dá a padà sílé bàbá rẹ̀. A kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbàgbé pé àìsàn bí àìsàn mìíràn ni wárápá fúnra rẹ̀, kì í ràn, kò sì yẹ kí ó lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé ọkọ.

Dókítà ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé eclampsia ni. Ọkọ náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni eclampsia létí bàbá tí ó ti lé ní 70 ọdún? Orúkọ òyìnbó tí a fi bo wárápá mọ́lẹ̀ ni ó jọ lójú tirẹ̀. Nígbà náà ni mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Mo bi bàbá pé, "Ẹ̀yin bàbá, kí ni ó máa ń bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé ọmọ?" Wọ́n ní, "Ibi ni." Mo ní ibẹ̀ ni àìsàn náà ti wá.

Òótọ́ ni mo sọ. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní fi hàn pé inú ibi ni pre-eclampsia ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó yẹ kí ibi ta gbòǹgbò wọ inú ilé ọmọ, kí ó sì la àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n fẹ̀ dáadáa. Bí wọn kò bá fẹ̀ tó, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ibi bí ó ti yẹ. Ibi tí ebi ń pa yìí yóò máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, èròjà wọ̀nyí yóò sì máa ba ara iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ káàkiri: ní kíndìnrín, ní ẹ̀dọ̀, ní ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé oògùn lè tu ìyá lára, ṣùgbọ́n àìsàn náà kì í bẹ̀rẹ̀ sí í lọ títí ọmọ àti ibi yóò fi jáde. Èdè wa sì ti sọ ọ́ ṣáájú: orúkọ kan náà ni a pe ohun tí ń tẹ̀lé ọmọ àti ohun tí kì í ṣe ire. Tibi tire la dá ilé ayé. Bàbá náà mirí, ó ní, "Àṣé ibi ni ó bá a jà." Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un lọ́rọ̀ tirẹ̀. A kò gbọ́ wárápá mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ilé ọkọ rẹ̀ ni ó padà sí.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. A máa ń rò pé bí ọmọ bá ti ké, ewu ti lọ. Ibi jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé tí ó ti tú sílẹ̀ kò kúrò lọ́jọ́ kan. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ìyá ìkókó sábà máa ń ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, gìrì sì lè wáyé títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa: ó bọ́ sí àárín ìbímọ àti ìkómọjáde, nígbà tí gbogbo ilé ń se oúnjẹ, tí àlejò ń wọlé, tí ìyá ìkókó kì í rí oorun sùn. Bí ó bá ní orí ń fọ́ òun nígbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọmú ni tàbí òtútù ni kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún àbúrò mi ń jẹ́ magnesium sulphate. Kì í ṣe oògùn olówó ńlá. Ní ọdún 2002, ìwé The Lancet tẹ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Magpie jáde. Ó lé ní 10,000 aboyún tí ó kópa nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Wọ́n rí i pé abẹ́rẹ́ yìí dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ. A ní ohun ìjà, nígbà náà. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ láyé lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ya ni olórí apànìyàn láyé, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ru ni ó tẹ̀lé e.

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Tori Bowie, eléré sísá ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba góòlù nínú eré aláṣepọ̀ ní Rio ní ọdún 2016, kú pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2023; àyẹ̀wò òkú rẹ̀ ka eclampsia mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó pa á. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Allyson Felix, ní pre-eclampsia ní ọdún 2018, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ rẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ 32. Wọ́n lágbára, wọ́n lókìkí, àìsàn náà kò wo ojú wọn.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí a máa pe pre-eclampsia ní ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún, kí a sì máa pe eclampsia ní gìrì ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí okùn tí ó so wọ́n pọ̀ hàn nínú orúkọ, kí ẹni tí ó bá gbọ́ gìrì rántí ẹ̀jẹ̀, kí ẹni tí ó bá gbọ́ ẹ̀jẹ̀ rántí ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa ní àmì rẹ̀ ní Yorùbá tí ó mọ́: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ń ṣe bàìbàì tàbí tí ń rí ìtànṣán, ìrora lókè ikùn lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, èébì lẹ́yìn oṣù márùn-ún, èémí tí kò tó, ojú àti ọwọ́ tí ó wú lójijì. Ọ̀kan péré nínú wọn tó láti gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Bí gìrì bá dé, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ má ki ohunkóhun bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má rọ àgbo fún un, ẹ gbé e lọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun wà nínú ewu, kí ó tètè béèrè lọ́wọ́ dókítà kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Aspirin díẹ̀ lójúmọ́ ń dín ewu náà kù fún àwọn kan, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ ẹni tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá sì ti ní i rí, kí ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí ó ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àìsàn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àìsàn kíndìnrín lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ìkálẹ̀, Ọ̀họ̀rí, Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ni ẹ ń pe àìsàn yìí ní ẹ̀ka èdè yín? Bí orúkọ tí ó sàn ju èyí tí mo dá lábàá bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kí a lè jọ kọ́ ara wa.

Gbogbo ẹni tí ó lóyún láàárín wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín, àṣẹ. Ó dìgbà kan ná.